Ọjọ́ Mẹ́wàá Láìsọ̀rọ̀

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi jẹun lẹ́nu ọ̀rọ̀. Akọ̀ròyìn ni mí ní ìlú Èkó, iṣẹ́ mi sì ni kí n tètè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ní iyàrá ìròyìn tí a ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ìdí nìyí tó fi ya àwọn tó mọ̀ mí lẹ́nu nígbà tí wọ́n gbọ́ pé, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ní kí n má sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Màmá mi, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, pè mí láti Ìṣẹ́yìn nígbà tó gbọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ọmọ mi, ta lo ṣẹ̀?"

N kò dá màmá lẹ́bi. Àwa Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣeré. A ní ìkíni fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, fún ẹni tó ń sinmi, fún ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, àti fún ẹni tó kàn jókòó lásán. Ẹni tó bá wọlé láìfọhùn, bóyá inú ń bí i ni, tàbí ara rẹ̀ kò yá, tàbí ó ń gbèrò nǹkan kan. Àwọn àgbà ní adákẹ́-má-fọhùn, a kò mọ ti ẹni tó ń ṣe. Wọ́n tún ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Síbẹ̀, àwa kan náà ni a máa ń mú ọba tuntun wọ Ìpèbí, kí ó yẹra fún ariwo ayé kí ó tó gorí ìtẹ́. Àwọn Mùsùlùmí wa a máa wọ ìtíkáàfù nínú mọ́sáláṣí ní ọjọ́ mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn Ramadan, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ ayé sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láàrin àwọn Àgùdà, àwọn àlùfáà Jesuit a máa fi 30 ọjọ́ dákẹ́ láti ṣe àṣàrò tí Ignatius Loyola là sílẹ̀ fún wọn. Nítorí náà, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Èmi ni mo fi í sílẹ̀ fún àwọn ọba, àwọn ààfáà àti àwọn fadá.

Ohun tó gbé mi lọ kì í ṣe pé mo ń wá Ọlọ́run. Ọmọ mi ni.

Láti ọdún 2021 ni a ti ń gbé ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: èmi, ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí a dé. Nígbà tí a wà ní Èkó, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. A máa gba ìwé ìròyìn lọ́wọ́ mi, á sì ka àkọlé rẹ̀ sókè bí ẹni tó wà lórí rédíò. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé ti dín kù sí "ẹ káàárọ̀", "ó dáa", àti "mo ti jẹun". Ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà kan dé láti ilé ìwé rẹ̀ pé kì í dáhùn ìbéèrè mọ́ nínú kíláàsì.

Mo pè é sí pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo bá a sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo mọ iye àkókò náà nítorí pé ìyá rẹ̀ ń wo aago. Mo sọ bí mo ṣe ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé, mo sọ ohun tí a fi sílẹ̀ nílé nítorí tirẹ̀, mo sọ iye tí owó ọkọ̀ òfurufú jẹ́. Mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, n kò sì dúró kó fèsì tí mo fi sọ ohun tí mo rò pé ó ń ṣe é. Nígbà tí mo mí, ó gbé ojú sókè, ó ní: "Dádì, ẹ ti ń dáhùn kí n tó sọ̀rọ̀." Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Mo pe ìyẹn ní àìlẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pè é bẹ́ẹ̀ létí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyàwó mi sọ fún mi pé ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi àṣàrò kan dé. Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ lọ dákẹ́ wò." Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò fi ṣe àwàdà.

Ibùdó náà wà ní ìgbèríko, nítòsí ìlú Hereford, níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ Wales pààlà. Dhamma Dipa ni orúkọ rẹ̀. Vipassana ni wọ́n ń pe irú àṣàrò tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Inú ẹ̀kọ́ Búdà ló ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó tan irú ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá yìí ká ayé ni S. N. Goenka, oníṣòwò kan tó jẹ́ ọmọ Íńdíà, tí wọ́n bí ní Mandalay, ní ilẹ̀ Burma, ní ọdún 1924. Ẹ̀fọ́rí túúlu ló gbé e dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, U Ba Khin, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìṣirò owó orílẹ̀-èdè Burma. Ní ọdún 1969, Goenka kọjá sí Íńdíà, ó sì ń kọ́ni títí tó fi kú ní ọdún 2013. Ohùn rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni a ṣì ń gbọ́ nínú gbọ̀ngàn títí dòní. Ní oṣù kẹrin ọdún 1994, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 1,000 jókòó pọ̀ ṣe àṣàrò yìí nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Tihar ní ìlú Delhi. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo sọ fún ara mi pé bí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n bá lè ṣe é, èmi tí mo ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi lọ́wọ́ kò ní àwáwí.

Wọn kì í gba owó. Èyí ló kọ́kọ́ mú ìfura wá sí mi lọ́kàn, nítorí pé iṣẹ́ wa ti kọ́ wa láti béèrè ẹni tó ń sanwó. Mo wádìí, mo sì rí i pé àwọn tó ti parí ẹ̀kọ́ náà rí ló ń dáwó kí àwọn mìíràn lè wá.

Ní ọjọ́ tí a dé, a kó fóònù wa fún wọn. A kó ìwé kíkà àti ohun ìkọ̀wé náà sílẹ̀. Ọkùnrin ń gbé lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ìdákẹ́ ọlọ́lá ni wọ́n ń pe òfin tó dè wá. Kì í ṣe ẹnu nìkan ló ń dákẹ́. Ojú kò gbọdọ̀ bá ojú sọ̀rọ̀, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ juwọ́ sí ọwọ́. Ẹni tó bá ní ìṣòro lè bá olùkọ́ sọ ọ́ ní ṣókí lọ́sàn-án, tàbí kó sọ fún alábòójútó. Agogo ń dún ní aago mẹ́rin ìdájí. Àpapọ̀ àṣàrò ojoojúmọ́ tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá, títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Oúnjẹ gidi tó kẹ́yìn ọjọ́ ni ti aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Kò sí ẹran, kò sí ẹja. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fún àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ní tíì àti èso. Fún ọmọ Ìṣẹ́yìn tí kì í sùn láìjẹ àmàlà, ìyà kékeré kọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a ní: kí a máa kíyè sí èémí bó ṣe ń gba imú wọlé, tó sì ń gba imú jáde. Mo rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. N kò lè ṣe é fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Mo ti rò pé ibi ìdákẹ́jẹ́ ni mò ń lọ, àṣé inú orí mi ni ọjà wà. Orin ìpolówó ọṣẹ kan tí mo gbọ́ ní kékeré ń kọ ara rẹ̀. Mo ń bá olóòtú kan tí a ti jọ ṣiṣẹ́ ní ọdún 2009 jà. Mo ń kọ àkọlé ìròyìn fún ara mi: "Akọ̀ròyìn Tẹ́lẹ̀rí Jókòó, Kò Rí Nǹkan Kan."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì, mo rí bíírò kan nínú àpò kóòtù mi tí mo ti gbàgbé. Ó yẹ kí n gbé e fún alábòójútó. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sì kọ gbólóhùn mẹ́ta sórí tíṣù, bí ẹni tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Nígbà tí mo mú un jáde ní ọjọ́ kẹta tí mo kà á, ojú tì mí. Mo ti rò pé èrò ìjìnlẹ̀ ni mo kọ. Èsì mẹ́ta ni, sí èèyàn mẹ́ta tí kò bi mí ní nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn ti kú. Mo gbé bíírò náà fún alábòójútó. Ó gbà á, kò wò mí lójú, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, iṣẹ́ wa yí padà. Wọ́n ní kí a máa fi ọkàn lọ káàkiri ara láti orí dé ẹsẹ̀, kí a máa kíyè sí ohunkóhun tí a bá bá pàdé níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ooru, ìrora tàbí yíyún, kí a má sì ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún odindi wákàtí kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a ó jókòó láìyí ẹsẹ̀ padà, láìla ojú, láìla ọwọ́. Orúnkún mi gbóná bí ẹni pé wọ́n dáná sí i. Lẹ́yìn náà ni imú bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kò lè mọ agbára imú tó ń yúnni àfi bí wọ́n bá ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo kíyè sí i. Ó ń le sí i, ó dé góńgó, mo rò pé n ó pariwo. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ó sì lọ. N kò họ ọ́. Fúnra rẹ̀ ló lọ.

Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀kọ́ ibẹ̀ wà nínú rẹ̀. Fún ogójì ọdún ó lé, ọ̀rọ̀ tó bá ti yún ahọ́n mi ni mo ti sọ. N kò mọ̀ rí pé àyè kan wà láàrin yíyún àti híhọ, tí èèyàn lè dúró sí.

Nínú àyè yẹn ni àwọn nǹkan tí mo ti gbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ní ọjọ́ karùn-ún, obìnrin kan dé. Oníṣòwò ni, wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì lọ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ó dúró sórí àwókù, ó ń sọ̀rọ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹta, ó sọ gbólóhùn kan tó dùn ún gbọ́, tó sì mú omi bọ́ lójú. Gbólóhùn tí mo nílò nìyẹn. Mo pa ìwé mi dé, mo dúpẹ́, mo sì yí padà. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Títí di òní, n kò mọ ohun tó kù tó fẹ́ sọ. Ìròyìn náà wà lójú ewé àkọ́kọ́, wọ́n sì yìn mí.

Ní ọjọ́ keje, bàbá mi àgbà ló dé. Ahunṣọ ni ní Ìṣẹ́yìn, nídìí òfì ni mo sì ti mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn a máa wá rò fún un, ìjà oko, ìjà orogún, gbèsè. Kì í dá wọn dúró, kì í sì í dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n bá ń rò ó. Òfì rẹ̀ á máa dún. Nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ tán, á hun díẹ̀ sí i kó tó lanu. Mo rántí pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó wá rojọ́ á ti rí ìdáhùn fúnra rẹ̀ láàrin àkókò tí òfì fi ń dún yẹn, á sì dìde, á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé etí ló dùn ún.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ mi wá yé mi. "Ẹ ti ń dáhùn kí n tó sọ̀rọ̀." Kì í ṣe ìwọ̀sí. Ìròyìn tó péye ni, tó kúrú, tí kò sì ní àbùmọ́. Nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn náà, láàrin àwọn èèyàn tí n kò mọ orúkọ wọn, mo sunkún láìpariwo.

Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n tú òfin náà ká. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ibẹ̀ dà bí ọjà Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án. Ohùn ara mi dà bí ohùn àlejò létí mi. Mo sì ṣàkíyèsí pé, kí n tó sọ̀rọ̀, mo ń mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo padà dé, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, èmi àti ọmọ mi ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná. Èmi ń fọ̀, òun ń nù. Ó ní, "Dádì, ní ilé ìwé..." ó sì dúró. Tẹ́lẹ̀ rí, ibi tó dúró sí yẹn gan-an ni èmi ìbá ti wọlé. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu mi, ó ń yún mi. Mo kíyè sí èémí mi bó ṣe wọlé, mo kíyè sí i bó ṣe jáde. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì. Mo ń fọ abọ́ kan náà lọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó sọ ọ́.

Ó ní nígbà kan tí òun dáhùn ìbéèrè, àwọn ọmọ kan sín ohùn òun jẹ, gbogbo kíláàsì sì rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni òun kò ti la ẹnu mọ́. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ilé ìkàwé ni òun máa ń lọ jókòó sí, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni wọn kì í ti í sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun kò ní ẹni tí òun á bá sọ ọ́. Ó ti tó ọdún kan. Mo bi í pé, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Ó ní, "Kò sí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbà kí ìyá rẹ̀ bá olùkọ́ kan sọ̀rọ̀. Kò tíì yanjú tán. Ṣùgbọ́n a ń fọ abọ́ pọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Èyí ni mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn. Èèyàn méjì ló ń dákẹ́ nínú ilé wa ní ọdún yẹn. Èmi yan ìdákẹ́ tèmi, mo mọ ọjọ́ tí yóò parí, wọ́n sì ń fún mi ní tíì. Ẹ̀sín ni wọ́n fi dé ọmọ mi lẹ́nu, ìwàásù mi sì tún fún un pa. Ìdákẹ́ tí a yàn lè wo èèyàn sàn. Ìdákẹ́ tí wọ́n fi dé èèyàn lẹ́nu ni èyí tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù nígbà tí wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àǹfààní tó tóbi jù tí mo rí nínú ti àkọ́kọ́ ni pé ó jẹ́ kí n gbọ́ èkejì.

N kò ní kí gbogbo èèyàn gba Hereford lọ. Kì í ṣe gbogbo ara ni irú nǹkan báyìí bá mu. Kí wọ́n tó gbani, wọ́n máa ń béèrè nípa àìsàn ọpọlọ, ìbéèrè náà sì tọ́, nítorí pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ gidi lè bá ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ pàdé níbi tí kò ti sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ló lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Inú sì ṣì ń bí mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí, mo bá awakọ̀ kan jà lójú pópó. Ohun tí mo mú bọ̀ kò ju èémí márùn-ún lọ, ẹnikẹ́ni sì lè kọ́ ọ nídìí abọ́ fífọ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí rédíò tàbí Facebook lónìí, tí mo ń gbọ́ bí àwa akọ̀ròyìn àti àwọn olóṣèlú wa ṣe ń dáhùn ohun tí aráàlú kò tíì sọ tán, mo máa ń rántí obìnrin tó dúró sórí àwókù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Èèyàn bíi tirẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa, tí a ti gba gbólóhùn kan lẹ́nu wọn, tí a sì ti yí padà.

Màmá mi tún pè ní oṣù tó kọjá. Ó ní, "O ò tíì sọ ẹni tí o ṣẹ̀ fún mi." Mo ní, "Màmá, wọ́n pọ̀." Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi náà ti fẹ́ bá ọ sọ, ó ti pẹ́." Mo jókòó, mo sì dúró dè é.